Omi Ojú Fèrèsé

Àkọ́bí mi fẹ́ràn fíìmù ẹ̀rù. Á jókòó sí pálọ̀ mi ní Òṣogbo níbí, á fi aṣọ ìbora bo orí, ojú nìkan ló máa kù níta, á wá gbé fóònù síwájú. Bí òkú bá yọ nínú fíìmù náà, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀, ọmọ á ké pè mí pé, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó!" Màá dé ibẹ̀, màá wo òkú náà, màá wo eyín rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, màá sì padà sídìí ẹ̀fọ́ tí mò ń já. Ó ní èmi ò lójo rárá. Irọ́ ni! Ojo wà lára mi dáadáa. Bí mo bá pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi mọ́. Ẹ̀rù tèmi kò ní ìwo, kò ní eyín, kò sì sí ẹni tó lè tà á fún yín nínú káàsẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo kọ́ ọ, ní ọdún tí ìyá mi kò jẹ́ ìpè mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé wa ìgbà náà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, inú Òṣogbo àtijọ́ ló wà, ó sì sún mọ́ mọ́ṣáláṣí débi pé bí ladani bá wúkọ́ kó tó pe ìrun, àwa la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ náà. Lẹ́yìn ladani, àkùkọ. Lẹ́yìn àkùkọ, ayùn bàbá mi, torí káfíńtà ni, iwájú ilé ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ayùn, ẹnu Màmá, èyí tí kì í dákẹ́ títí di alẹ́. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Aró ló rẹ títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Àwọn ìkòkò aró rẹ̀ ti dojú dé ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ń yé sábẹ́ àwọn tó ti fọ́ lára wọn, ṣùgbọ́n aró náà kò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá tèmi, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Bó bá ní òun ń lọ sí "ulé", gbogbo agbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwa yòókù ń kírun, kò sì sẹ́ni tó torí ẹ̀ bá ẹnìkan jà: bí Iléyá bá dé, ìyá mi ló ń dín ẹran, bí Kérésì bá dé, Màmá ló máa kọ́kọ́ béèrè itan adìẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bá ara wọn fà ni odó. Ìyá mi kò lè jẹ oúnjẹ mìíràn kó sọ pé òun jẹun. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, iyán ló máa gún, gbì-gbì-gbì, ògiri á máa mì. Màmá á ké láti orí ẹní pé, "Kí ni iṣu ṣe fún Ìjẹ̀ṣà yìí ná?" Ìyá mi á dáhùn pé, "Ó ṣẹ̀ mí ni, Màmá!" Nígbà tí iyán bá délẹ̀, Màmá ló ń bu òkèlè tó tóbi jù.

Níyì ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ni àkọ́bí, nítorí náà Ìyá Níyì ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi. Màmá ń pè é bẹ́ẹ̀, bàbá mi ń pè é bẹ́ẹ̀, alágbo tó ń kiri àdúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà mọ bí ó ṣe rí nílẹ̀ wa: bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ á lọ sinmi. Èmi ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sí kànga kí n tó mọ̀ pé ìyá mi tiẹ̀ ní òmíràn.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Màmá á tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á pa àlọ́ fún wa. Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, Ìjàpá ló ń wà nínú àlọ́, á jalè, wọ́n á lù ú, ọmọdé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sùn. Ìjàpá kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ Màmá. Àlọ́ kan ṣoṣo ló ní, iwin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òùngbẹ ló sì ń gbẹ iwin náà. Á wá sójú fèrèsé, ohùn rẹ̀ á rí bí ohùn ọmọdé, á ní, "Ìyá mi, ẹ fún mi lómi. Ìyá mi, ẹ fún mi lómi." Màmá á rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, á wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìyá tó bá gbọ́ kò gbọdọ̀ dáhùn. Kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó di etí, kó má mira. Bó bá dáhùn, ó parí nìyẹn, iwin á mú un lọ. Áà, ẹ̀rù bà wá! Ìtọ̀ á máa gbọ̀n wá, kò sẹ́ni tó máa jáde. Níyì nìkan ni kì í bẹ̀rù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ló béèrè pé, "Màmá, ṣé omi wọ́n nílé wọn ni? Kí ló dé tí wọn ò kàn bu omi fún un?" Ẹ wo Màmá, ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ẹ dìde, ẹ lọ sùn! Àlọ́ tán." Ó pòṣé, ó ká ẹní. A rò pé ìwà àfojúdi Níyì ló bí i nínú.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ni ibà mú Níyì. Ọ̀sán ni ó le, bàbá mi sì sáré lọ wá ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé e lọ ọsibítù. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti kú. Èmi wà ní ilé-ìwé. Nígbà tí mo wọlé, èrò ti kún iwájú ilé, ìyá mi dúró ní ẹ̀yìnkùlé, kọ́ọ̀bù rọ́bà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi kún un dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹnìkan kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀, wọ́n sì fà á wọ yàrá.

Bí ọmọdé bá kú nílẹ̀ wa, ọ̀fọ̀ ni. Bàbá àti ìyá kì í dé ibi tí wọ́n bá sin ín sí. A kì í ṣe ìnáwó, a kì í ro ẹjọ́ rẹ̀, ńṣe là ń pa á mọ́ bí ẹni pa iná. Ó ní ìdí tí àwọn àgbà fi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, kí ìyá lè rí okun bí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é nílé wa. Àwọn àlejò ń wọlé, gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà bí ẹni pé wọ́n kọ́ ọ wá láti ilé: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á lọ. Ìyá mi ni agbè náà. Kò sẹ́ni tó gbé e wò bóyá ó ti sán. Bó bá fẹ́ sunkún, wọ́n á ní, "Pa ẹnu mọ́, kí Ọlọ́run má bàa bínú, kó má wá mú èyí tó kù." Èmi ni èyí tó kù. Màmá wá pàṣẹ pé orúkọ ọmọ náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí. Bí orúkọ ọmọ bá di èèwọ̀, kí la ó wá máa pe ìyá rẹ̀? Màmá ti ro ìyẹn náà. "Láti òní lọ," ló wí, "Ìyá Sìdí ni." Sìdí, èmi nìyẹn. Bí ìyá mi ṣe pàdánù ọmọ lọ́sàn-án, tó pàdánù orúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú nìyẹn. Alágbo kò mọ̀; ó kiri dé, ó ní, "Ìyá Ní—", wọ́n fi ojú gún un, ó yára yí i sí "Ìyá Sìdí o, jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́?" Ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn láì fọ̀.

Odó dákẹ́. Bàbá mi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n òòlù rẹ̀ kò dákẹ́. Àga ló ń kàn. Kò sẹ́ni tó ní kó kàn án, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, ó sáà ń kàn án ni. Àga kún iwájú ilé, ó kún ọ̀ọ̀dẹ̀, débi pé adìẹ ní ibi ìjókòó ju àlejò lọ. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé àwọn àga náà ń kéré sí i, títí ó fi di pé àga tí ọmọdé nìkan lè jókòó lé ló ń kàn. Àwọn ará àdúgbò ní ó kú iṣẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá mi kò fi jẹ́ ìpè mọ́. Wọ́n á ní, "Ìyá Sìdí!" Kẹ́kẹ́ pa. Ó jókòó níbẹ̀ yẹn o, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Ìyá Sìdí! Ìyá Sìdí!" Kò wòkè. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á wò yín, á ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe. Bí èmi bá ní "Màámi", á yíjú sí mi. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Ọmọdé ni mí. Gbogbo ilé ti gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí. Wọ́n rántí àlọ́ Màmá, wọ́n ní ó dájú gan-an ni: ó ti dá iwin olóùngbẹ lóhùn, iwin sì ti gbé ohùn rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọlé dé. Bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́, iwin ni. Bí ológbò bá sín, iwin ni. Àwọn ìyàwó ilé kì í dá lọ sí kànga mọ́, ọkùnrin gìrìwò-gìrìwò ń bẹ aya rẹ̀ kó sin òun dé ilé ìyàgbẹ́.

Àwọn tó ń ta oògùn ẹ̀rù gbọ́, wọ́n dé. Ááfà kan kọ́kọ́ wá, ó kọ hàǹtú sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún un mu. Ìyá mi mu ún, ó dúpẹ́, kò jẹ́ ìpè. Wòlíì kan dé láti ọ̀nà Iléṣà pẹ̀lú agogo, ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ti jókòó sétí rẹ̀, ó bá lu agogo náà mọ́ ọn létí títí ti èmi tí mo wà ní yàrá kejì fi di. Ìyá mi rọra gbé orí kúrò, ó sì bá wòlíì he igi àbẹ́là tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkẹta fi gbohùngbohùn orí ọkọ̀ ta òróró kan fún wa, tó ní ó ń la etí, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ náni aya. Háà, oògùn pọ̀ nílé wa lọ́dún yẹn! Ìbéèrè ni kò sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í pé, "Obìnrin yìí, kí ló ń dùn ọ́?"

Àǹtí Ràmọ́tà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àlhájà ni, wúrà kún ọwọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè parí kí ó tó jókòó. Ó ní òun mọ wòlíì kan tó ní àgọ́ nínú igbó, lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń so àwọn tí orí wọn dàrú mọ́lẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Àlhájà o, ló ń gbé èèyàn lọ àgọ́ wòlíì! Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹ̀sìn wa kì í ní ààlà. Ó ní kí wọ́n di ẹrù rẹ̀, òun ń gbé ọkọ̀ bọ̀ ní Sátidé. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, lójú ìyá mi, lójú èmi. Bàbá mi wo ilẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá ti wí, Àǹtí," ó sì padà sídìí àga. Mo mọ ẹni tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ rí ní àdúgbò wa. Kò dá ẹnìkankan mọ̀ mọ́ nígbà tó dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di etí aṣọ ìyá mi mú kiri ilé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo ti sin ẹnìkan láì sunkún. Mi ò tún fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀dá Fàtáì, àbúrò bàbá mi, mú kámẹ́rà dé. Ìkómọ ló máa ń fi kámẹ́rà náà yà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ti di dàírẹ́kítọ̀ báyìí. Ó ní ẹ̀rù ló ń tà lójà, àwọn tó ń ta káàsẹ́ẹ̀tì ní àwọn ò fẹ́ fíìmù ìfẹ́ mọ́, ẹni tó bá lè mú kí èèyàn tọ̀ sára ni àwọn ń wá. Ta ló wá lẹ́rù tó ilé wa? Àlọ́ Màmá ló fẹ́ yà. Màmá kọ́kọ́ kọ̀, ó ní àlọ́ òun kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n Bọ̀dá ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, Màmá bá gbà. Èèyàn ni gbogbo wa.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yà á, bí Sátidé ṣe ń bọ̀ lọ́túnla. Wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì yí ẹ̀yìnkùlé ká láti sọ oòrùn di òru, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Múrí bíríkìlà ni iwin. Láfún ni wọ́n fi kun ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fi epo pupa ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu. Àwọn adìẹ wa rí láfún, wọ́n ní ọdún dé! Ibi tí iwin bá yà sí, wọ́n ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣá a lẹ́sẹ̀ kó-kó-kó, iwin ń ta pọ́ún-pọ́ún, ó ń bú ìyá adìẹ. Ohùn Múrí kò sì jọ ti ọmọdé rárá, ohùn ẹni tó ń pe kànkéré ni. Bọ̀dá ní kí èmi lọ lóṣòó sábẹ́ fèrèsé níta, kí n máa sọ̀rọ̀, kí Múrí máa la ẹnu. Inú yàrá ni Kúdí onídìrí wà, òun ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú. Wọ́n ní kó pariwo. Ó ní, "Yéè! Mo gbé o!" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ lójà.

"Kúdí, ọmọ rẹ ló kú o!" Bọ̀dá ń làágùn. "Ọmọ rẹ!"

"Mo gbọ́, Dàírẹ́kítọ̀. Ṣé irun mi ṣì wà bó ṣe yẹ?"

Màmá jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó ń dá wọn lẹ́kun: "Kò gbọdọ̀ pariwo! Kò gbọdọ̀ dáhùn! Ẹnu ọ̀nà ni kó jókòó sí, kó di etí. Ta ló kọ́ ẹ lálọ̀ọ́ tèmi?"

Ìyá mi wà nínú ilé ìdáná tó ṣí sí yàrá náà, ìrẹsì àwọn òṣèré ló ń sè. Bọ̀dá ní, "Ó yá!" Èmi lóṣòó sínú ooru abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ mí lóòótọ́. "Ìyá mi" ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹnu mi kò mọ ìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́ ni mo sọ.

"Màámi, ẹ fún mi lómi."

Ohun tí àwọn tó wà nínú yàrá rí ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní Òṣogbo títí ó fi dé Ọ̀tan-Ilé. Wọ́n ní obìnrin tí kì í jẹ́ ìpè jáde láti ilé ìdáná, kọ́ọ̀bù omi lọ́wọ́. Ó kọjá lára Kúdí, ó kọjá níwájú kámẹ́rà, kò wo ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sójú fèrèsé, ó na omi sí òkùnkùn, ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Omi rè é." Kúdí yìí kan náà tí kò mọ igbe ké, ó ké é lọ́jọ́ náà! Ó gba ẹnu ọ̀nà lọ pẹ̀lú ìlàjì irun. Ẹni tó gbé iná ju iná sílẹ̀. Dàírẹ́kítọ̀ fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Níta níbí, iwin ló kọ́kọ́ sá. Múrí rí ọwọ́ tó yọ, ó fo ògiri, láfún rẹ̀ ṣì wà lára ògiri náà títí òjò fi fọ̀ ọ́.

Èmi tí mo wà níta, ohun tí mo rí ni ọwọ́ ìyá mi. Mo mọ òrùka rẹ̀. Mo gba kọ́ọ̀bù, mo mu omi. Omi àmù ni, ó tutù. Ìyá mi fọwọ́ lé fèrèsé, ó ń wò mí.

"Níyì ní kí n bu omi fún òun," ló wí. "Mo lọ bù ú. Kí n tó dé, ó ti lọ. Wọn ò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni, Sìdí. Omi náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi."

Mo tún fi kọ́ọ̀bù kan ẹnu. Mo ní, "Ó tutù, Màámi."

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù nínú yàrá. Orúnkún Màmá ni kò jẹ́ kó sá, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún náà títí dòní. Mo gun ìkòkò aró kan, mo wọlé láti ojú fèrèsé. Màmá wà lórí àga, ó di apá àga mú. Mo rò pé ìyà ló fẹ́ fi jẹ ìyá mi torí orúkọ tó dá.

"Ìwọ lọ bu omi," Màmá wí. "Èmi ò bù ú."

Ìyá mi yíjú sí i.

"Àṣàkẹ́. Òun ni mo kọ́kọ́ bí, kí n tó bí Ràmọ́tà. Ó ń ṣu, ó ń bì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ omi. Àwọn àgbà ìgbà náà ní ẹni tó bá ń ṣu omi kò gbọdọ̀ mu omi. Ó wà nínú yàrá, ó ń pè mí: Ìyá mi, ẹ fún mi lómi. Wọ́n ní bí mo bá dá a lóhùn, ọkàn mi á rọ̀, màá bù ú fún un, yóò sì kú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo di etí. Mi ò dáhùn. Ó ń pè mí títí. Ó sì kú náà."

Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Gbogbo alẹ́ tí a fi ń pa ìtọ̀ mọ́ra, ẹ̀gbọ́n bàbá wa là ń sá fún. Iwin náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí, ọmọ kékeré tí òùngbẹ ń gbẹ ni. Ẹni tó ń bani lẹ́rù nínú àlọ́ náà ni ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ò sì wo ibẹ̀ rárá. Bọ̀dá Fàtáì kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun lòun kun ní láfún, kí adìẹ máa ṣá a. Omi ṣì kù nínú kọ́ọ̀bù. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Màmá, Màmá mu ún. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì fi igbe ta. Ẹkún tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sun ún, ó dún dé òpópó. Àwọn òṣèré tó ti ń padà bọ̀ láti wá mú bàtà wọn gbọ́ ọ, wọ́n tún sá.

Kámẹ́rà ò dá iṣẹ́ dúró ní gbogbo àkókò yìí. Bọ̀dá Fàtáì wá wo káàsẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ kejì, òun nìkan. Ẹ̀rù tó ń wá kiri rèé, ẹ̀rù gidi tí kò ná an ní láfún. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Màmá, mi ò lè ta èyí," ó sì pa á rẹ́. Kò ṣẹ́ ku ohun mìíràn nínú fíìmù ju Múrí àti àwọn adìẹ lọ. Ẹni tó ń ta káàsẹ́ẹ̀tì wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ẹ̀rín. Ó tà ju gbogbo èyí tí Bọ̀dá tún ṣe lọ. Orúkọ Màmá ló kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, bó ṣe ṣèlérí.

Sátidé pé. Àǹtí Ràmọ́tà gbé ọkọ̀ dé, dírẹ́bà kò tiẹ̀ pa á, ó ń kùn níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan ti yí padà, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo wọn ju ti iwin lọ. Èmi ti di òpó ọ̀ọ̀dẹ̀ mú. Ó dúró sáàárín àwọn àga kéékèèké, ó mí kanlẹ̀, ó ké.

"Ìyá Sìdí!"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ìyá Sìdí o!" Ó yíjú sí bàbá mi. "O rí i? O rí i báyìí? Lọ mú un jáde."

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀. Kò lọ. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga ọmọdé náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì wo ìyá rẹ̀.

"Ràmọ́tà," Màmá wí láti orí ẹní, "ta lò ń pè?"

"Ìyá Sìdí ni, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Màmá wúkọ́ bíi ladani. Mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹní mú, bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo. "Ìyá Níyì o!"

"Mà!"

Láti ẹ̀yìnkùlé ló ti wá, ó yára, kò tilẹ̀ jẹ́ kí orúkọ náà parí. Ọrùn Àǹtí Ràmọ́tà yí bìrí.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Odó ni mò ń fọ̀, Màmá! Iṣu ti jinná!"

Bàbá mi dìde, ó lọ bá dírẹ́bà, ó ní kó pa ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, gbì-gbì-gbì, àwọn àga kéékèèké ń jó nílẹ̀. Màmá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Kí ni iṣu ṣe fún Ìjẹ̀ṣà yìí ná?" ló wí.